Dín àti Lé nínú Òǹkà Yorùbá: Ọ̀nà kan láti Kọ́ni ní Nọ́ńbà Aláìṣeépín Ńlá, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Táíwò Road, Ìlọrin

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé irú nọ́ńbà kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò kà sí ìpìlẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà yòókù, ìyẹn nọ́ńbà aláìṣeépín. Ó fi hàn pé orúkọ tí Yorùbá fún nọ́ńbà, èyí tí a fi dín àti lé ṣẹ̀dá, máa ń fi ohun púpọ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ nípa bóyá nọ́ńbà ṣe é pín tàbí kò ṣe é pín. Ó tún fi hàn pé ọ̀nà ìyọkúrò kan náà ni àwọn onímọ̀ fi ń dárúkọ nọ́ńbà aláìṣeépín tó tóbi jù lọ nínú àwọn tí a ti rí títí di ọdún 2024. Iṣẹ́ náà fẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbi pé irinṣẹ́ ni òǹkà Yorùbá jẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò, kì í ṣe ìdíwọ́.

Ìfáárà

Táíwò Road jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òpópónà tí òwò ti ń lọ déédéé ní ìlú Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń ka owó: igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ẹgbẹ̀rún náírà. Yóò sì tún rí àwọn ènìyàn tó tò síwájú ẹ̀rọ ATM ilé ìfowópamọ́, tàbí tó ń fi káàdì sanwó lórí ẹ̀rọ POS. Òǹkà méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni òǹkà ẹnu tí Yorùbá jogún lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Èkejì ni òǹkà inú ẹ̀rọ, tó ń lo àwọn nọ́ńbà tó gùn débi pé ẹnu kò lè pè wọ́n tán.

Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ohun tó pa òǹkà méjèèjì yìí pọ̀. Púpọ̀ nínú wọn lè ka ení dé ogún ní Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò yà sí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òǹkà Yorùbá ni pé ìyọkúrò inú rẹ̀ ń da ọmọ láàmú. Kí ló dé tí a fi pe 17 ní ẹ̀tàdínlógún, ìyẹn ogún ó dín mẹ́ta, nígbà tí ìbá rọrùn láti fi méje lé ẹ̀wá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1887 ni Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, ti kọ nípa ìgbékalẹ̀ òǹkà Yorùbá. Helen Verran, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ẹ̀wádún 1980, sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 2001.

Ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ ìjọba nínú pẹ̀lú. Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà. Pẹ̀lú ìfagilé yìí, ọwọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló kù tí ọ̀rọ̀ náà wà. Bí olùkọ́ kò bá rí ìwúlò kankan nínú òǹkà Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi yẹ ìwúlò náà wò láti inú ìṣirò fúnra rẹ̀.

Ìtumọ̀ Nọ́ńbà Aláìṣeépín

Ká ní oníṣòwò kan ní Táíwò Road ní 60 páálí ọṣẹ tó fẹ́ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ó lè tò ó ní ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 30, ìlà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20, ìlà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 15, ìlà márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 12, tàbí ìlà mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 10. Kí oníbàárà kan wá ra páálí kan ṣoṣo. Ó ku 59. Bí oníṣòwò náà ṣe lè wù kó tò ó, kò ní í dọ́gba mọ́, àyàfi tó bá tò ó ní ìlà kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà tó bá rí bí 60 ni iṣẹ́ yìí pè ní nọ́ńbà aṣeépín. Èyí tó bá rí bí 59 ni ó pè ní nọ́ńbà aláìṣeépín: nọ́ńbà tó ju ọ̀kan lọ, tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín in láìṣẹ́kù bí kò ṣe ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn ni 2, 3, 5, 7, 11 àti 13. Àwọn ni bíríkì tí a fi kọ́ gbogbo nọ́ńbà yòókù, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà tú nọ́ńbà aṣeépín sí wọn. Bí a bá tú 60, 2 × 2 × 3 × 5 ni yóò já sí, kò sí òmíràn. Bákan náà, gbogbo owó bébà Nàìjíríà, láti náírà márùn-ún dé ẹgbẹ̀rún náírà, kò ní ju 2 àti 5 lọ nínú.

Euclid, ará Gíríìsì àtijọ́, ti fi hàn ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù pé nọ́ńbà aláìṣeépín kò lópin. Ọ̀nà tó gbà kò ṣòro. Ẹ kó gbogbo nọ́ńbà aláìṣeépín tí ẹ rò pé ó wà jọ, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí ẹ sì fi ọ̀kan lé e. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tí ẹ kó jọ tó lè pín èyí tó jáde láìṣẹ́ku ọ̀kan. Nítorí náà, ó kéré tán, nọ́ńbà aláìṣeépín kan wà tí ẹ kò tíì kà mọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé lé kan ni Euclid fi ṣiṣẹ́ yìí.

Ohun tí Orúkọ Nọ́ńbà Ń Sọ

Ìsọdipúpọ̀ ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, igba mẹ́ta sì ni ẹgbẹ̀ta. Orúkọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti sọ àwọn olùpín rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó wà láàárín ni a ń fi lé tàbí dín so mọ́ ìpìlẹ̀ tó súnmọ́ wọn: ẹ̀tàlélógójì (43), ẹ̀tàdínláàádọ́ta (47), ọ̀kàndínlọ́gọ́ta (59).

Òfin kan wà nínú ìṣirò tó bá ìgbékalẹ̀ yìí mu régí. Bí ìpìlẹ̀ àti ohun tí a fi lé e, tàbí tí a yọ kúrò lára rẹ̀, bá ní olùpín kan náà, olùpín yẹn yóò pín nọ́ńbà tó jáde. Àpẹẹrẹ ni àrùndínlógójì (35). Márùn-ún pín ogójì, ó sì pín márùn-ún tí a yọ. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ pín 35. Etí nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò láti mọ̀ ọ́n.

Láti 11 dé 100, ìpìlẹ̀ tí a ń lo jẹ́ ẹ̀wá, ogún, ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì àti márùn-ún ló sì pín gbogbo wọn. Nítorí náà, nọ́ńbà tó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èjì, ẹ̀rin tàbí àrùn, ti jáde kúrò nínú àwọn aláìṣeépín. Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tàbí ẹ̀ta. Níbi tí ẹni tó ń wo àmì òǹkà yóò ti máa ṣọ́ ìparí mẹ́rin, ìyẹn 1, 3, 7 àti 9, ọ̀rọ̀ méjì péré ni elétí Yorùbá yóò máa ṣọ́. Ẹ gbọ́ ọ: ọ̀kànlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀tàdínlógún, ọ̀kàndínlógún, ẹ̀tàlélógún, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀tàdínlógójì. Ọ̀kan àti ẹ̀ta ni títí dé ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún (97).

Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 90 nọ́ńbà ló wà láti 11 dé 100. Òfin àkọ́kọ́ yìí yọ 54 kúrò nínú wọn. Ẹ̀ta pín ọgbọ̀n, ọgọ́ta àti àádọ́rùn-ún, nítorí náà 27, 33, 57, 63, 87 àti 93 tún jáde, nítorí pé ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ wọn. Ó ku 30. Nínú 30 yìí, 21 jẹ́ aláìṣeépín ní tòótọ́. Mẹ́sàn-án péré ló fara pamọ́: 21, 39, 49, 51, 69, 77, 81, 91 àti 99. Àwọn wọ̀nyí ni olùkọ́ yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí àṣekágbá. Orúkọ ń dín iṣẹ́ kù ni. Àyẹ̀wò ṣì di dandan.

Táíwò àti Kẹ́hìndé nínú Nọ́ńbà

Orúkọ tí òpópónà Ìlọrin yìí ń jẹ́ bá orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò nínú ìbejì mu. Nọ́ńbà aláìṣeépín náà ní ìbejì tirẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá jìnnà síra pẹ̀lú èjì péré, ìbejì ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè wọ́n: 29 àti 31, 59 àti 61, 179 àti 181, 599 àti 601. Ẹ wá pè wọ́n ní Yorùbá: ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n àti ọ̀kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kàndínlọ́gọ́ta àti ọ̀kànlélọ́gọ́ta, ọ̀kàndínlọ́gọ́sàn-án àti ọ̀kànlélọ́gọ́sàn-án, ẹgbẹ̀ta dín kan àti ẹgbẹ̀ta lé kan. Orúkọ Táíwò yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé níbi dín àti lé nìkan, nọ́ńbà tó wà láàárín wọn sì hàn kedere nínú orúkọ méjèèjì.

Nọ́ńbà àárín yìí ní ìwà kan tí kì í yí padà. Yàtọ̀ sí ìbejì àkọ́kọ́, ìyẹn 3 àti 5, mẹ́fà máa ń pín nọ́ńbà tó wà láàárín ìbejì. Ìdí rẹ̀ rèé: nínú nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pín ọ̀kan. Kò lè jẹ́ Táíwò tàbí Kẹ́hìndé, nítorí aláìṣeépín ni wọ́n. Ti àárín ló kù. Bákan náà, èjì kò lè pín àwọn ìbejì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pín ti àárín. Ohun tí èjì àti ẹ̀ta bá pín, ẹ̀fà pín in.

Ní ọdún 2016, a rí ìbejì kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àmì òǹkà 388,342. Ìlànà kan náà ni orúkọ wọn tẹ̀ lé: 2996863034895 × 2¹²⁹⁰⁰⁰⁰, ó dín kan, àti ó lé kan. Bóyá irú ìbejì bẹ́ẹ̀ lópin tàbí kò lópin, kò tíì sí onímọ̀ tó fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí Yitang Zhang fi hàn ní ọdún 2013 ni pé àwọn aláìṣeépín méjì tí àlàfo wọn kò tó 70,000,000 kò lópin. Àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti fa àlàfo náà wálẹ̀ sí 246 ní ọdún 2014.

Nọ́ńbà Ńlá tó Dín Kan

Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti ọdún 1588 sí 1648, ṣe ìwádìí lórí àwọn nọ́ńbà tí a ń rí bí a bá sọ èjì di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀ léraléra, tí a sì yọ ọ̀kan kúrò. Mẹ́rin dín kan jẹ́ 3. Mẹ́jọ dín kan jẹ́ 7. 32 dín kan jẹ́ 31. 128 dín kan jẹ́ 127. Aláìṣeépín ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1, tí í ṣe 2047, jẹ́ 23 × 89. Bí iye ìgbà tí a lo èjì kò bá jẹ́ aláìṣeépín, èyí tó jáde kò lè jẹ́ aláìṣeépín. Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì dájú.

Ní ọdún 1772, Leonhard Euler fi hàn pé 2³¹ − 1, ìyẹn 2,147,483,647, jẹ́ aláìṣeépín. Ní ọdún 1876, Édouard Lucas fi ọwọ́ ṣe àyẹ̀wò 2¹²⁷ − 1, tó ní àmì òǹkà 39, ó sì rí i pé aláìṣeépín ni. Derrick Lehmer tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe ní ọdún 1930. Àyẹ̀wò náà rọrùn láti ṣe lójú pátákó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ yọ èjì kúrò, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń yẹ̀ wò pín in, kí ẹ sì mú àṣẹ́kù. Ẹ tún àṣẹ́kù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Iye ìgbà tí ẹ ó ṣe é ni iye ìgbà tí a lo èjì, kí a yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Bí àṣẹ́kù ìkẹyìn bá jẹ́ òdo, aláìṣeépín ni.

Fún 31, tí í ṣe 2⁵ − 1, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni. Láti 4, a dé 14. Láti 14, a dé 194, tí àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 8. Láti 8, a dé 62, 31 sì pín in láìṣẹ́kù. Fún 127, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni: 14, 67, 42, 111, òdo. Fún 2047, ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni, àṣẹ́kù ìkẹyìn sì jẹ́ 1736, kì í ṣe òdo. Àyẹ̀wò yìí sọ pé 2047 ṣe é pín láìsọ olùpín rẹ̀.

Kí ló mú kí àyẹ̀wò yìí ṣeé ṣe? Ìdí náà ni pé aládùúgbò nọ́ńbà náà, èyí tó fi ọ̀kan jù ú lọ, kò ní nǹkan mìíràn nínú ju èjì lọ. Bí a bá mọ gbogbo olùpín aládùúgbò, ìwà nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Ohun tí ọ̀kàndínlọ́gọ́ta sì ń ṣe fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn: ó ń tọ́ka sí ọgọ́ta, aládùúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ olùpín rẹ̀.

Láti ọdún 1996, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri àgbáyé ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú nọ́ńbà yìí lábẹ́ ètò kan tí George Woltman dá sílẹ̀, tí a mọ̀ sí GIMPS. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1. Òun ni ìkejìléláàádọ́ta nínú irú rẹ̀ tí a mọ̀, ó sì ní àmì òǹkà 41,024,320. Bí ènìyàn bá ń pe àmì òǹkà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láìsùn láìsinmi, yóò lò ju ọjọ́ 474 lọ kó tó pè é tán. Síbẹ̀, gbólóhùn kan ló tó láti dárúkọ rẹ̀, gbólóhùn náà sì parí sí dín kan.

Àṣírí Owó ní Ilé Ìfowópamọ́

Ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi olùkọ́ ni pé, kí ni ànfààní rẹ̀? Ìdáhùn wà níwájú ẹ̀rọ ATM ní Táíwò Road. Ní ọdún 1977, Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman gbé ọ̀nà ìpàṣírímọ́ kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí a fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pè ní RSA. Ó wà lára àwọn ọ̀nà tí ṣípù inú káàdì ilé ìfowópamọ́ fi ń fi hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti sọ aláìṣeépín ńlá méjì di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ṣùgbọ́n ó nira gidigidi láti tú èyí tó jáde padà sí méjèèjì. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tú nọ́ńbà kan tó ní àmì òǹkà 250. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ náà, yóò gbà á ní nǹkan bí ọdún 2,700. Àmì òǹkà 617 ni ti èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò.

Ohun méjì ni kò ṣe é fi pa irú àṣírí yìí mọ́. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ńlá ọdún 2024, nítorí pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kì í ṣe àṣírí. Èkejì ni ìbejì. Ká ní ẹnì kan fi 59 àti 61 ṣe àṣírí rẹ̀, tó sì gbé 3599 síta. Ẹni tó gbọ́ òǹkà Yorùbá yóò pe 3599 ní ẹgbẹ̀jìdínlógún dín kan. Ẹgbẹ̀jìdínlógún, ìyẹn 3600, jẹ́ ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́ta. Bí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ọ̀kan dín àti ọ̀kan lé ni yóò pín in. Àṣírí ti tú. Bí ó ti wù kí ìbejì tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ètò ààbò fi gbọ́dọ̀ yan aláìṣeépín tó jìnnà síra.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí a máa fi òǹkà àtijọ́ pe nọ́ńbà tó ní àmì òǹkà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àmì òǹkà àgbáyé ló yẹ fún èyí, bí gbogbo èdè yòókù ti ń ṣe. Ohun tó sọ ni pé dín àti lé kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀. Ọ̀nà ìrònú ni: kí a fi ohun tí a mọ̀ wádìí aládùúgbò rẹ̀ tí a kò mọ̀. Ọ̀nà yìí náà ni Lucas fi dé 2¹²⁷ − 1, òun náà ni a fi dé nọ́ńbà ọdún 2024.

Ó yẹ kí olùkọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ gbìyànjú ohun mẹ́ta. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ pe nọ́ńbà 11 dé 100 ní Yorùbá, kí wọ́n fi etí yọ àwọn aṣeépín kúrò. Kí ó fún wọn ní 59 ìdérí ìgò láti tò, lẹ́yìn náà kí ó fi ọ̀kan kún un. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn àgbà inú wọn ṣe àyẹ̀wò 31 àti 127 lójú pátákó. Èdè yòówù tí ìjọba bá ní kí a fi kọ́ni, kò sí òfin tó ní kí ọmọ má gbọ́ ohun tí orúkọ nọ́ńbà ń sọ. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tó bá mọ ìdí tí ọ̀kàndínlọ́gọ́ta kò fi ṣe é pín ti ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò kó lọ síbikíbi tí ìṣirò bá gbé e dé.